Ìkọlù tí wọ́n ní yóò dènà ohun ìjà núkílíà ló ń sọ ọ́ di púpọ̀

Sí Olóòtú,

Láti ìgbà tí ọkọ̀ òfurufú ogun Ísírẹ́lì àti ti Amẹ́ríkà ti ju àdó olóró sórí àwọn ilé iṣẹ́ núkílíà ilẹ̀ Ìráànì ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, ọ̀rọ̀ kan náà ni mò ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn: pé ohun tó yẹ kí wọ́n ti ṣe tipẹ́ ni wọ́n ṣe, pé a kì í dúró wo ẹni tó ń wá àdó olóró núkílíà títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ náà wọni létí, kò sì yà mí lẹ́nu pé àwọn tó ní làákàyè gbà á. Ṣùgbọ́n olùkọ́ físíìsì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ti ń fọkàn bá ìtàn yìí bọ̀ tipẹ́. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé bí a bá kọlu orílẹ̀-èdè kan nítorí àdó olóró tí kò tíì ní, òun àti àwọn tó ń wò ó lọ́ọ̀ọ́kán yóò tẹra mọ́ wíwá àdó olóró náà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọn yóò sì máa wá a ní ìkọ̀kọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú èyí tí àwọn tó fara mọ́ irú ìkọlù bẹ́ẹ̀ máa ń tọ́ka sí jù. Ní ọjọ́ 7, oṣù Kẹfà, ọdún 1981, ọkọ̀ òfurufú F-16 mẹ́jọ ti Ísírẹ́lì fò lọ sí Tuwaitha, lẹ́bàá ìlú Bàgídáàdì, wọ́n sì wó ẹ̀rọ riákítọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ núkílíà tó ń lo yùréníọ̀mù, tí ilẹ̀ Faransé ń kọ́ fún Ìráàkì lulẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Osirak ni ayé mọ ẹ̀rọ náà sí. Ọmọ ogun Ìráàkì mẹ́wàá àti onímọ̀ ẹ̀rọ ará Faransé kan bá a lọ. Nígbà náà, Ìráàkì ti fọwọ́ sí NPT, àdéhùn tó lòdì sí ìtànkálẹ̀ ohun ìjà núkílíà. Àwọn olùbẹ̀wò àjọ IAEA, tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ núkílíà lágbàáyé, a máa wọ ibẹ̀, àwọn ará Faransé tó ń kọ́ ọ pàápàá sì wà níbẹ̀ tí ojú wọn tó o. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi dá Ísírẹ́lì lẹ́bi nínú ìpinnu 487, tí Amẹ́ríkà náà dìbò fún.

Ohun tó tẹ̀ lé e ni wọn kì í fi kún ìtàn náà. Onímọ̀ físíìsì kan wà ní Ìráàkì tó ń jẹ́ Jafar Dhia Jafar, tó kàwé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́jọ́ tí àdó olóró bọ́ sórí Osirak, àtìmọ́lé ló wà, nítorí pé ó gbẹnu sọ fún akẹgbẹ́ rẹ̀, Hussein al-Shahristani, tí ìjọba Saddam Hussein ti mú tí wọ́n sì ti dá lóró. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, wọ́n tú Jafar sílẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ ni pé kó darí ètò tí Ìráàkì fúnra rẹ̀ yóò fi máa ṣe yùréníọ̀mù, èròjà núkílíà, dé ìpele tó lè di àdó olóró, láìsí ará Faransé níbẹ̀, láìsí olùbẹ̀wò, láìsí riákítọ̀ gàgàrà kan tí awakọ̀ òfurufú lè rí láti òkè. Al-Shahristani ní tirẹ̀ kọ̀ láti bá wọn ṣe é, inú ẹ̀wọ̀n Abu Ghraib ló sì wà títí ó fi rọ́nà sá jáde lọ́dún 1991. Mo bu ọlá fún ọkùnrin yẹn.

Ọ̀nà tí Jafar gbé e gbà ni ti irin òòfà ńláńlá tí wọ́n fi ń ṣa èyí tó lè di àdó olóró nínú yùréníọ̀mù, èyí tí Amẹ́ríkà lò nígbà Ogun Àgbáyé Kejì tí gbogbo ayé sì ti pa tì, débi pé kò sẹ́ni tó fura sí ẹni tó bá ń kó ohun èlò rẹ̀ jọ. Fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ń ṣe é ní Tarmiya àti láwọn ibòmíràn, bẹ́ẹ̀ àwọn olùbẹ̀wò IAEA ń wá sí Tuwaitha, wọ́n ń wo ilé tí wọ́n bá fi hàn wọ́n, wọ́n sì ń padà sílé. Lẹ́yìn ogun Kuwait ni àṣírí tú. Ní ọjọ́ 28, oṣù Kẹfà, ọdún 1991, àwọn olùbẹ̀wò dé ibùdó àwọn ọmọ ogun kan nítòsí Fallujah, àwọn ọmọ ogun náà kò jẹ́ kí wọ́n wọlé. Ibi tí wọ́n dúró sí ni wọ́n ti rí ọ̀wọ́ ọkọ̀ akẹ́rù tó ń jáde lọ́nà ẹ̀yìn pẹ̀lú àwọn irin òòfà bàǹtàbanta náà. Wọ́n fi mọ́tò lé wọn, wọ́n ń yà wọ́n ní fọ́tò, àwọn ọmọ ogun Ìráàkì sì yìnbọn gba òkè orí wọn kọjá kí wọ́n lè padà. Fọ́tò yẹn ni kò jẹ́ kí Saddam rí ẹnu sẹ́ mọ́.

Ẹnìkan lè sọ pé bí kì í bá ṣe ìkọlù ti ọdún 1981, Saddam ì bá ti ní àdó olóró lọ́wọ́ kó tó wọ Kuwait. Mi ò fojú kékeré wo àríyànjiyàn yẹn, nítorí pé Saddam kì í ṣe ẹni tí a lè fọkàn tán. Ṣùgbọ́n Richard Wilson, onímọ̀ físíìsì ní Yunifásítì Harvard, tó lọ wo àwókù Osirak lọ́dún 1982, sọ pé bí wọ́n ṣe kọ́ riákítọ̀ náà kò bá ṣíṣe àdó olóró mu, àti pé kò sí bí Ìráàkì ṣe lè fi ṣe é tí ojú àwọn tó wà níbẹ̀ kò ní í tó o. Ìkọlù náà wó ẹ̀rọ tí gbogbo ayé ń wò. Èyí tí kò sẹ́ni tó ń wò ló rọ́pò rẹ̀. Kódà nígbà ogun 1991, tí ọkọ̀ òfurufú orílẹ̀-èdè bíi mélòó kan ń fi àdó olóró lu Ìráàkì lálẹ́ àti lọ́sàn-án, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé iṣẹ́ ìkọ̀kọ̀ náà ni wọn kò mọ̀ pé ó wà. Àwọn olùbẹ̀wò tó fẹsẹ̀ rìn, tí wọ́n ka ìwé, tí wọ́n bi èèyàn léèrè, ni wọ́n wá a kàn tí wọ́n sì bà á jẹ́.

Pàṣán tí a fi na ìyáálé, ó wà lájà fún ìyàwó. Àwọn orílẹ̀-èdè tó mọ̀ pé orúkọ àwọn wà nínú ìwé àwọn alágbára gbọ́ òwe yìí yé, bí wọn kò tilẹ̀ gbọ́ Yorùbá. Ní oṣù Kínní ọdún 2002, Ààrẹ George W. Bush to Ìráàkì, Ìráànì àti Àríwá Kòríà pọ̀, ó ní agbo ibi kan náà ni wọ́n. Nígbà tó máa fi di oṣù Kẹta ọdún 2003, Amẹ́ríkà ti wọ Ìráàkì. Lára ohun tí wọ́n fi ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn ni ìwé kan tó ní Ìráàkì ń ra yùréníọ̀mù ní orílẹ̀-èdè Niger, aládùúgbò wa níhìn-ín. Ní ọjọ́ 7, oṣù Kẹta yẹn, Mohamed ElBaradei, ọmọ ilẹ̀ Íjíbítì tó jẹ́ olórí IAEA, dúró níwájú Ìgbìmọ̀ Ààbò, ó ní ayédèrú ni ìwé náà, ó sì ní àwọn kò rí ẹ̀rí pé Ìráàkì ti tún bẹ̀rẹ̀ ètò àdó olóró. Wọn kò ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí. Wọ́n wọ Ìráàkì, wọ́n tú u wò láti orí dé ẹsẹ̀, wọn kò sì bá àdó olóró tí wọ́n ń wá níbẹ̀.

Àríwá Kòríà ti kéde ní oṣù Kínní ọdún kan náà pé òun jáde kúrò nínú NPT. Ní ọjọ́ 9, oṣù Kẹwàá, ọdún 2006, ó dán àdó olóró rẹ̀ àkọ́kọ́ wò, ó sì ti dán mẹ́fà wò kí ọdún 2017 tó parí. N kò ní sọ pé ogun Ìráàkì ló fi ìfẹ́ àdó olóró sí i lọ́kàn, nítorí pé ó ti ń wá a tipẹ́ kí Bush tó di ààrẹ. Ṣùgbọ́n nínú àwọn mẹ́ta tí wọ́n dárúkọ, èyí tí kò ní nǹkan kan ni wọ́n gbógun wọ̀. Èyí tó sì ní in lónìí, kò sẹ́ni tó fẹ́ wọ ilẹ̀ rẹ̀. Kí ni ẹ rò pé ọ̀gágun kan ní Tehran, olú ìlú Ìráànì, yóò kà nínú èyí?

Líbíà tilẹ̀ wá kó o sí wọn lójú. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2003, Muammar Gaddafi gbà láti fi ètò núkílíà tirẹ̀ sílẹ̀, Amẹ́ríkà sì kó àwọn ẹ̀rọ náà lọ sí Tennessee. Lọ́dún 2011, àwọn orílẹ̀-èdè NATO ju àdó olóró lé ìjọba rẹ̀ lórí, àwọn ọlọ̀tẹ̀ ilẹ̀ Líbíà sì pa á ní Sirte ní oṣù Kẹwàá. Ogun Líbíà kì í ṣe ìkọlù ìdènà, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ogun náà kò tíì dé ìdajì tí ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè Àríwá Kòríà fi sọ ọ́ ní gbangba pé ẹ̀tàn ni wọ́n fi gba ohun ìjà lọ́wọ́ Líbíà kí wọ́n tó kọlù ú. Nàìjíríà wà nínú Ìgbìmọ̀ Ààbò lọ́dún náà, a sì dìbò fún ìpinnu 1973 tó ṣí ọ̀nà fún ogun yẹn. Ìbọn tó fọ́n jáde láti inú àwọn ilé ìṣúra Gaddafi gba aṣálẹ̀ dé Mali, níbi tí ogun ti bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 2012. Ààrẹ Muhammadu Buhari sọ ní Lọ́ńdọ̀n lọ́dún 2018 pé àwọn tí Gaddafi kọ́ ní ìbọn yíyìn wà lára àwọn tó ń pa àwọn àgbẹ̀ wa. Mo rò pé ó gbé ẹrù náà lé Gaddafi lórí jù, nítorí pé ẹ̀bi tiwa nílé kò kéré, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè sẹ́ pé ìbọn náà dé.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí Ìráànì, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti hàn kedere jù lọ. Àdéhùn tí Ìráànì bá àwọn orílẹ̀-èdè alágbára ṣe lọ́dún 2015 kò jẹ́ kó yọ́ yùréníọ̀mù kọjá ìdá 3.67 nínú ọgọ́rùn-ún (bí ìdá náà bá ṣe ń ga sí i ló ń sún mọ́ èyí tó lè di àdó olóró), kò sì gbọdọ̀ ní ju 300 kìlógíráàmù lọ nílé. IAEA ń wò ó, ó sì ń jẹ́rìí pé Ìráànì ń pa á mọ́. Ọdún 2018 ni Ààrẹ Donald Trump yọ Amẹ́ríkà kúrò nínú rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, wọ́n pa Mohsen Fakhrizadeh, àgbà onímọ̀ núkílíà Ìráànì, lójú pópó lẹ́bàá Tehran. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ilé aṣòfin wọn fi ṣòfin pé kí wọ́n yọ́ yùréníọ̀mù dé ìdá 20, kí wọ́n sì dín ohun tí àwọn olùbẹ̀wò lè rí kù. Ní ọjọ́ 11, oṣù Kẹrin, ọdún 2021, nǹkan bú gbàmù nínú ilé iṣẹ́ núkílíà Natanz, Ìráànì di ẹ̀bi rẹ̀ ru Ísírẹ́lì. Ní ọjọ́ 13 oṣù náà, wọ́n kéde pé àwọn yóò yọ́ ọ dé ìdá 60, kò sì pẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbá wọn, ìdá náà ń lọ sókè, ojú tó ń wò ó sì ń dín kù.

Nígbà tí àdó olóró fi bọ́ sórí Fordow, Natanz àti Isfahan ní ọdún 2025, IAEA ṣírò pé yùréníọ̀mù ìdá 60 tó wà lọ́wọ́ Ìráànì ti tó 440.9 kìlógíráàmù. Àwọn olùbẹ̀wò ti ń wò ó tẹ́lẹ̀, wọ́n mọ iye rẹ̀. Lẹ́yìn ìkọlù náà, Ìráànì ṣòfin láti dá àjọṣe pẹ̀lú IAEA dúró, àwọn olùbẹ̀wò kó jáde, IAEA kò sì lè fojú ara rẹ̀ rí ibi tí ẹrù náà wà mọ́. Èyí ni mò ń bẹ àwọn tó ń yọ̀ sí ìkọlù náà pé kí wọ́n rò dáadáa.

Mo gbà pé Síríà kò bá ohun tí mò ń sọ mu pátápátá. Ísírẹ́lì wó riákítọ̀ tí wọ́n ń kọ́ ní ìkọ̀kọ̀ níbẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2007, a kò sì gbọ́ pé Síríà tún un kọ́. Àríwá Kòríà ni Amẹ́ríkà ní ó ń bá a kọ́ ọ. Orílẹ̀-èdè tó bá gba iṣẹ́ fún àjèjì kò ní ohun tí yóò fi tún un ṣe. Ìráànì kì í ṣe irú rẹ̀. Ìmọ̀ náà ti wà lórí àwọn ọmọ wọn.

Àwa ní Áfíríkà mọ ọ̀nà mìíràn, nítorí pé a ti rìn ín. Gúúsù Áfíríkà ṣe àdó olóró mẹ́fà, ó tú wọn palẹ̀ fúnra rẹ̀, Ààrẹ F. W. de Klerk sì jẹ́wọ́ rẹ̀ fún ayé ní oṣù Kẹta ọdún 1993 láìsí ẹni tó kọlù wọ́n. Yùréníọ̀mù ìpele gíga tó wà nínú riákítọ̀ ìwádìí kékeré ní Zaria ni Nàìjíríà dá padà sí Ṣáínà ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, a sì fi èyí tí kò lè di àdó olóró rọ́pò rẹ̀. Àdéhùn Pelindaba, tó sọ gbogbo Áfíríkà di ilẹ̀ tí kò ní ohun ìjà núkílíà, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2009, ní abala kan tó ka ìkọlù ológun sí ilé iṣẹ́ núkílíà léèwọ̀ fún gbogbo àwọn tó wà nínú rẹ̀. Nàìjíríà wà nínú rẹ̀. Mo ń rọ ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè wa pé kí wọ́n gbé abala yẹn lọ síwájú àpérò àtúnyẹ̀wò NPT, kí wọ́n sì béèrè pé kó di òfin fún gbogbo ayé; àti pé nígbàkigbà tí a bá tún wà nínú Ìgbìmọ̀ Ààbò, kí aṣojú wa má ṣe dìbò fún ogun kankan lórí ọ̀rọ̀ ohun ìjà núkílíà níwọ̀n ìgbà tí àwọn olùbẹ̀wò bá ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ wọn.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìbàdàn