Ìyá Ìbejì, wọ́n ti dín oògùn mi kù

Ìtòkú, Abẹ́òkúta

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

O kú òtútù Kánádà o. Ìbejì ńkọ́? Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, pé báwo ni ìtọ́jú mi ṣe ń lọ. Ẹkún ni mi ò bá fi dá ọ lóhùn, ni mo ṣe ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀.

Láti ìgbà tí jẹjẹrẹ ọyàn yìí ti ràn dé ẹ̀dọ̀, capecitabine, oògùn jẹjẹrẹ oníhóró, ni mò ń lò. Wọ́n wọn gíga mi, wọ́n gbé mi sórí òṣùwọ̀n, wọ́n fi ṣírò rẹ̀: hóró 4 láàárọ̀, 4 lálẹ́, fún ọjọ́ 14, kí n sinmi fún ọjọ́ 7. Ìgbà kẹta tí mo lò ó ni ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí bí ẹni fi ata rodo pa á. Àtẹ́lẹwọ́ pọ́n, ó ń bó. Àtẹ́lẹsẹ̀ náà ò gbẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ aró ni oúnjẹ wa. Mo wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, mo ki ọwọ́ bọ ìkòkò aró. Igbe tí mo ké, aláàkàrà òdìkejì sáré dé. Síbẹ̀ mi ò sọ fún dókítà. Mo ní bí wọ́n bá gbọ́, wọ́n á dín oògùn kù, jẹjẹrẹ á ráyè.

Nọ́ọ̀sì ló ká mi mọ́. Ó ní kí n fọwọ́ síwèé, bírò ń bọ́ lọ́wọ́ mi.

Wọ́n dá oògùn náà dúró títí awọ fi san, wọ́n wá sọ ọ́ di hóró 3 láàárọ̀, 3 lálẹ́. Mo ní, "Dókítà, ṣé ẹ ò ní fi kún un ni?" Wọ́n ní rárá. Wọ́n ní láyé 1990 sí 1999, wọ́n fún àwọn obìnrin tó wà nípò mi ní Amẹ́ríkà ní kímò, ìyẹn oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, tó lágbára gan-an, tí wọ́n á tún dá mùdùnmúdùn eegun wọn tí wọ́n ti kọ́kọ́ fà pamọ́ padà sí wọn lára. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tó gba ìwọ̀n tó mọ níwọ̀n, ẹ̀mí wọn ò gùn ju ti ìyẹn lọ. Ìyà ni wọ́n jẹ. Bí skáànù bá fi hàn pé kókó ń dàgbà, oògùn mìíràn ni wọ́n á gbé wá, wọn ò ní fi kún èyí.

Kókó tó tóbi jù nínú ẹ̀dọ̀ ti kúrò ní sẹ̀ǹtímítà 4, ó ti di 2.5. (Mi ò ní sọ iye owó skáànù, mo mọ̀ ẹ́.) Ṣùgbọ́n hóró 4 ló ṣe ìyẹn. Skáànù ti hóró 3 ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 9, àyà mi sì ń já.

Bá mi wá ìpara tó ní urea níbẹ̀, fi rán ẹni tó bá ń bọ̀. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ rẹ ti wà nílẹ̀. Bọ́sẹ̀ ló rẹ ẹ́ sáró, èmi ni mo fi ìyẹ́ adìyẹ kọ ọ́. Ilà apá òsì wọ́ díẹ̀, má bínú.

Èmi ni,
Ìyá Bọ́sẹ̀