Ẹ Béèrè Ohun Tí A Kó Lé Wọn Lọ́wọ́

Ẹ̀yin ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kọ lẹ́tà yìí sí yín nítorí ọ̀rọ̀ kan tí mo ń gbọ́ lẹ́nu yín lemọ́lemọ́ nígbà tí ẹ bá ń sọ ìtàn ogun, pé àwọn báyìí sá, nítorí náà, ojo ni wọ́n. Kí ẹ tó tún dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín nípa Dífíṣọ̀n 41, ẹgbẹ́ ńlá kan nínú àwọn ọmọ ogun Philippines, tí ọjọ́ ayé rẹ̀ kò pé oṣù mẹ́jọ.

Ní oṣù keje ọdún 1941, nígbà tí Philippines ṣì wà lábẹ́ Amẹ́ríkà, Ààrẹ Roosevelt pàṣẹ pé kí àwọn ọmọ ogun ibẹ̀ wá sìn lábẹ́ àsíá Amẹ́ríkà. Láti oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ti ń pe àwọn ọ̀dọ́ ìhà gúúsù erékùṣù Luzon jọ sínú Dífíṣọ̀n 41 yìí, wọ́n sì fi Ọ̀gágun Vicente Lim ṣe olórí wọn, ọmọ Philippines àkọ́kọ́ tí ó kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní West Point, ilé ẹ̀kọ́ ológun Amẹ́ríkà, ní 1914. Èèpo àgbọn ni wọ́n fi ṣe akoto tí àwọn ọmọ náà dé sórí, bàtà ẹsẹ̀ wọn kì í pẹ́ ya, ìbọn ọwọ́ wọn sì ni irú èyí tí Amẹ́ríkà rọ fún ogun àgbáyé kìíní. Kí ọ̀pọ̀ wọn tó mọ ìbọn yìn dáadáa, Japan ti gbógun dé ní oṣù kejìlá.

Síbẹ̀, ní oṣù kìíní 1942, ní Abucay ní Bataan, ilẹ̀ Luzon kan tí ó yọ sínú òkun, àwọn ọmọ yìí kan náà dúró. Nígbà tí ìlà Dífíṣọ̀n 51 tí ó wà lápá òsì wọn já, wọn kò torí rẹ̀ túká. Ìgbà tí àṣẹ dé pé kí gbogbo ogun fà sẹ́yìn ni wọ́n tó kúrò. Ṣé ojo ni ẹ ó pe ìyẹn?

Ebi ni ó wá ṣe ohun tí ọ̀tá kò tíì lè ṣe. Láti ọjọ́ 5 oṣù kìíní ni wọ́n ti gé oúnjẹ sí ìdajì, wọ́n sì tún ń gé e sí i títí wọ́n fi ń pa ẹṣin ogun jẹ. Ibà àti ìgbẹ́ ọ̀rìn dé, kíníìnì tí í ṣe oògùn ibà sì tán. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìtàn lẹ́nu àwọn bàbá wa tí wọ́n bá Japan kan náà jà nínú igbó Burma mọ ohun tí ibà ń sọ akọni dà. Ní oṣù kẹta, Ọ̀gágun MacArthur, olórí gbogbo ogun náà, gba àṣẹ lọ sí Australia. Ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n ń retí láti òkè òkun kò dé.

Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin, ọjọ́ Ẹtì tí àwọn Kristẹni fi ń rántí ikú Jésù, Japan da àgbá àti bọ́ǹbù bo iwájú Dífíṣọ̀n 41 nítòsí òkè Samat láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán. Koríko gbígbẹ àti ọparun gbaná, iná yí wọn ká, wọ́n sì sá. Ìwọ̀nba ìyẹn ni ẹ̀ ń rí kà. Àwọn baba wa kúkú ti sọ pé akíkanjú tí ó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ni í bá ogun lọ. Mo sì fẹ́ kí ẹ sọ fún mi ibi tí ẹni tí ebi ti gbẹ, tí ibà ń gbọ̀n, ìbá fi ara pamọ́ sí nínú iná.

Ní ọjọ́ 9, Ọ̀gágun King, ará Amẹ́ríkà tí ó jẹ́ olórí ogun ní Bataan, túúbá fún Japan. Wọ́n da àwọn ẹlẹ́wọ̀n rìn nínú oòrùn láti Mariveles sí San Fernando, wọ́n kó wọn sínú ọkọ̀ ojú irin, wọ́n sì sé wọn mọ́ àgọ́ O'Donnell, níbi tí ó lé ní 20,000 ọmọ Philippines ti kú. Lim ye é. Nígbà tí ó jáde, àwọn tí ń bá Japan jà ní ìkọ̀kọ̀ ni ó lọ dara pọ̀ mọ́. Ní 1944 wọ́n mú un, wọ́n sì pa á.

Ní oṣù kejì 1946, Amẹ́ríkà ṣòfin pé iṣẹ́ ogun àwọn ọmọ Philippines yìí kò ní ka sí iṣẹ́ ogun Amẹ́ríkà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀tọ́ tí ó yẹ kí wọ́n gbà. Oṣù kẹwàá 2017 ni Ilé Aṣòfin Amẹ́ríkà tó fi àmì ẹ̀yẹ wúrà dá wọn lọ́lá, nígbà tí èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ti wà nínú ilẹ̀.