Ẹ má da gbogbo ìtànṣán próstéètì pọ̀ mọ́ ara wọn

Ẹ̀yin Olóòtú,

Àròkọ yín lórí jẹjẹrẹ próstéètì (ẹ̀yà ara ọkùnrin tó yí ọ̀nà ìtọ̀ ká nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀) tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìyà kan náà ni gbogbo ìtànṣán tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ náà fi ń jẹ aláìsàn. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí ọkùnrin ṣe ń tọ̀ kó tó gba ìtọ́jú ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò.

Ẹni tí ìtọ̀ rẹ̀ ti ń kán tó-tó, tí próstéètì rẹ̀ sì ti tóbi, kó rò ó dáadáa kó tó gba wóró ayódíìnì, ìyẹn wóró kékeré tó ń tú ìtànṣán jáde, tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gbìn sínú próstéètì. Gígún yẹn máa ń mú un wú, ìtọ̀ sì lè há pátápátá títí wọ́n á fi ki rọ́bà bọ̀ ọ́ kó lè jáde. Nǹkan bí 60 ọjọ́ ni agbára wóró náà fi ń dín sí ìdajì, ìdí nìyẹn tí títa ìtọ̀ fi lè pẹ́ fún oṣù mélòó kan.

Ní ti ìtànṣán tí ẹ̀rọ ń ta sí ara láti ìta, wọ́n lè pín 62 Gray (Gray ni wọ́n fi ń wọn ìtànṣán) sí ìgbà 20 tàbí 78 Gray sí ìgbà 39, tàbí kí wọ́n fún un ní 36.25 Gray ní ìgbà 5 péré. Nínú ìwádìí PACE-B, tó fi onígbà 5 wé èyí tó gùn, èsì tó jáde ní 2024 fi hàn pé lẹ́yìn ọdún 5, méjèèjì kápá àrùn náà bákan náà, nǹkan bí 95 nínú 100. Ṣùgbọ́n wàhálà ìtọ̀ tó tó gba oògùn dé bá nǹkan bí 27 nínú 100 àwọn onígbà 5, ó sì dé bá 18 nínú 100 àwọn tó gba èyí tó gùn. Ẹni tí kíákíá wù, kó mọ èyí. Ẹ̀rọ proton, tó ń lo èérún átọ́ọ̀mù dípò ìtànṣán X-ray, tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ ńkọ́? Ìwádìí PARTIQoL, tó fi proton wé ìtànṣán X-ray òde òní, kò rí i pé ó sàn fún ìfun jù ú lọ ní ọdún 2.

Ẹ̀yìn próstéètì gan-an ni òpin ìfun wà. Ìgbẹ́ tàbí isó tó bá dúró síbẹ̀ á ti próstéètì kúrò lójú ibi tí wọ́n dójú ìtànṣán sọ. Ìdí tí wọ́n fi ń ní kí aláìsàn yàgbẹ́ nìyẹn. Wọ́n tún ń ní kó mu omi kí àpò ìtọ̀ kún.

Agbára okó kì í lọ lọ́jọ́ kan. Ọdún méjì, mẹ́ta ló fi ń rẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ bí ìfẹ́ ìbálòpọ̀ bá kú lójijì, abẹ́rẹ́ họ́mónù tí wọ́n fi kún un ni kí wọ́n fura sí.

Èyí tí àròkọ yín kò mẹ́nu bà rárá ló léwu jù. Ẹ̀jẹ̀ lè máa jáde nídìí lẹ́yìn ọdún kan sí mẹ́ta. Kí aláìsàn sọ fún dókítà tó bá fẹ́ fi kámẹ́rà wo ìfun pé òun ti gba ìtànṣán, kó má sì jẹ́ kó gé ẹran ìfun díẹ̀ fún àyẹ̀wò níbi tó kọjú sí próstéètì láìkọ́kọ́ bi dókítà ìtànṣán. Ojú egbò ibẹ̀ lè má jinná, kó sì lu ihò wọnú ọ̀nà ìtọ̀.

Òṣìṣẹ́ ìtọ́jú onítànṣán