Ẹ dá ilé ìjẹun padà sí họ́ọ̀lù àwọn akẹ́kọ̀ọ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ sì kú ìfaradà ìlú tó le yìí. Ọkọ mi ló máa ń ra ìwé ìròyìn yín wálé, èmi náà á sì kà á lálẹ́ tí mo bá ti palẹ̀ ìsọ̀ mọ́. Lẹ́tà kan tí ẹ gbé jáde láìpẹ́ yìí ló mú mi gbé bírò. Ẹni tó kọ ọ́ sọ pé àwọn ọmọ yunifásítì òde òní ò mọ ìyà, pé dátà àti fóònù ni wọ́n ń náwó lé lórí, tí wọ́n á wá máa ké pé ebi ń pa àwọn. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Oúnjẹ ni mò ń tà fún àwọn ọmọ yìí, mo mọ ohun tó ń wọnú abọ́ wọn.

Yunifásítì ìjọba ni ìsọ̀ mi wà, lẹ́yìn họ́ọ̀lù àwọn ọkùnrin. Ẹ má bínú pé mi ò dárúkọ ọgbà náà. Ìsọ̀ yìí ni mo fi ń tọ́ ọmọ, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tìtorí ọ̀rọ̀ mi gbà á lọ́wọ́ mi. Ìrẹsì, ẹ̀wà, àmàlà àti sìpàgẹ́tì ni mò ń tà.

Tí sẹ̀mẹ́sítà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ẹ ó rí bí ojú wọn ṣe máa ń dán. "Màmá, síbí mẹ́ta, ẹ fi ẹ̀wà síbí kan sí i, ẹ fi dòdò sí i, ẹran méjì." Owó tí òbí dì fún wọn wálé-ìwé ṣì wà lápò nígbà yẹn. Kò ní ju bí oṣù kan lọ, ẹran á di pọ̀nmọ́, dòdò á pòórá. Nígbà tí ìdánwò bá fi máa dé, síbí kan ṣoṣo ni, wọ́n á sì bẹ̀ mí pé kí n da ọbẹ̀ sí i dáadáa, kí ọbẹ̀ náà lè kárí gàrí tí wọ́n máa tẹ̀ sí i ní yàrá. "1-0-1" ni wọ́n ń pè é láàárín ara wọn, ìyẹn ni pé wọ́n jẹ láàárọ̀, wọ́n fo ọ̀sán, wọ́n jẹ lálẹ́. Àwọn tí tiwọn le jù á ní "0-0-1" ni àwọn wà. Tẹ̀ríntẹ̀rín ni wọ́n máa ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n èmi tí mo dojú kọ wọn mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Ọmọbìnrin kan wà nínú wọn tó wà ní ọdún kẹta, ìmọ̀ kẹ́místìrì ló ń kọ́. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ máa ń kọjá kó tó dé, nígbà tí mo bá ti ń fọ ìkòkò. Kúlà kékeré aláwọ̀ ewé kan ló máa ń gbé dání, ìdérí rẹ̀ ti sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kì í ra ìrẹsì, kì í ra àmàlà. "Ẹ káalẹ́ mà. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ta ọbẹ̀ igba náírà fún mi." Ó ní gàrí ní yàrá, ẹ̀bà ló fẹ́ fi jẹ. Lálẹ́ ọjọ́ kan, bí mo ṣe ń ha ìsàlẹ̀ ìkòkò fún un, mo rí orí ẹja kan tó ṣẹ́kù, mo sọ ọ́ sínú kúlà náà. Kíá ló fà á sẹ́yìn. "Màmá, mi ò ní owó ẹja lọ́wọ́ o." Mo ní, "Ta ló bi ọ́ léèrè owó?" Ó wólẹ̀ lórí orúnkún rẹ̀ méjèèjì, nínú omi tí mo fi fọ ìkòkò. Ó ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ kejì làwọn máa wọlé ìdánwò. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Báwo la ṣe wá fẹ́ kí kẹ́místìrì wọ irú inú bẹ́ẹ̀?

Ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn tún ní ìjọba ti ń yá wọn lówó, kí ni wọ́n tún ń wá. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Oṣù kẹrin ọdún 2024 ni Ààrẹ Tinubu buwọ́ lu òfin ẹ̀yáwó náà, àjọ ìjọba kan tí wọ́n ń pè ní NELFUND ló ń bójú tó o. Owó ilé-ìwé ń lọ tààrà sí àpò yunifásítì, wọ́n sì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ₦20,000 lóṣù láti fi gbọ́ bùkátà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba fún un, torí mo mọ ọmọ tí ì bá ti padà sílé bí kò bá sí owó yìí. Ṣùgbọ́n ẹ pín ₦20,000 sí ọgbọ̀n ọjọ́, kò pé ₦670 lójúmọ́. Síbí ìrẹsì kan lọ́dọ̀ mi, ₦200 ni. Pọ̀nmọ́ kan, ₦200. Síbí méjì pẹ̀lú pọ̀nmọ́ kan jẹ́ ₦600, omi inú ọ̀rá kan jẹ́ ₦50. Owó ọjọ́ yẹn ti tán, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì jẹun. Kò tíì wọ ọkọ̀, kò tíì ṣe fọ́tókọ́pì, kò tíì ra ọṣẹ. Gbèsè sì ni gbogbo rẹ̀ o. Bó bá sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ tán tó rí iṣẹ́, wọ́n á máa yọ ọ́ lára owó oṣù rẹ̀. Pọ̀nmọ́ tó jẹ lónìí, yóò ṣì máa san owó rẹ̀ nígbà tó bá di ìyá ọmọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àwa olóúnjẹ la ń ni wọ́n lára. ₦100 ni mò ń ta síbí kan kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù lóṣù karùn-ún ọdún 2023. Láti ìgbà náà, gáàsì ti gbówó lórí, òróró gbówó lórí, ata gbówó lórí, ọkọ̀ tó ń kó ẹrù mi láti ọjà náà gbówó lórí. Mo ti din èrè mi kù títí ó fi kan egungun.

Wọ́n á ní kí àwọn ọmọ máa dáná fúnra wọn. Níbo? Yàrá tó yẹ kó gba ẹni mẹ́rin, ẹ ó bá ẹni mẹ́jọ níbẹ̀ lálẹ́, torí ẹni tí kò rí bẹ́ẹ̀dì gbà á lẹ̀ mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Lọ́dún 2024, owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tó yẹ kí wọ́n máa rí iná fún ogún wákàtí ó kéré tán lójúmọ́, fò lẹ́ẹ̀kan náà láti ₦68 sí ₦225 fún kilowatt-hour kan, ọ̀fọ̀ sì ṣẹ̀ àwọn yunifásítì tí owó iná wọn ti ń le tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn pọ́tà tó ń ṣọ́ họ́ọ̀lù ti ń lọ láti yàrá dé yàrá, tí wọ́n ń gba hot plate, ìyẹn sítóòfù oníná, lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Mi ò dá àwọn pọ́tà lẹ́bi. Wáyà ilé ti gbó, aṣọ rọ̀ síbí, ìwé wà lọ́hùn-ún, iná kékeré kan lè jó odindi họ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ní kí ọmọ má dáná, wọn ò ha yẹ kí wọ́n sọ ibi tó ti máa jẹun?

Nígbà kan, ó níbi tí wọ́n ti ń jẹun. Ìyá mi wà lára àwọn tó ń se oúnjẹ ní họ́ọ̀lù kan ní Yunifásítì Ìbàdàn. Láti ìgbà tí ilé-ìwé náà ti wà lábẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti ń kọ́ ilé ìjẹun mọ́ họ́ọ̀lù, àwọn bíi Mellanby àti Tedder ní tiwọn. Mo máa ń tẹ̀ lé e lọ nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ìkòkò tó ga jù mí lọ ni mo rí níbẹ̀, àwọn ọkùnrin á dúró lórí àpótí kí wọ́n tó lè ro ó. Lọ́jọ́ Àìkú, adìyẹ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fi jẹ ìrẹsì. Owó kékeré ni wọ́n ń san fún oúnjẹ, ìjọba ń san ìyókù.

Lọ́dún 1978, ìjọba ológun fi kún owó oúnjẹ náà. Gbogbo yunifásítì gbaná. Kọ́nẹ́ẹ̀lì Ahmadu Ali ni kọmíṣọ́nnà ìjọba àpapọ̀ fún ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń kígbe "Ali Must Go". Ṣẹ́gun Òkéowó, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Èkó, ló ṣáájú wọn. Ìbọn pa Akíntúndé Òjó ní Yunifásítì Èkó yẹn kan náà. Ìyá mi ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ tí ìròyìn náà dé Ìbàdàn. Ó ní ọmọ tó ṣeé ṣe kí òun bu oúnjẹ fún ni. Nígbà tó di ọdún 1984, ìjọba ológun mìíràn yọwọ́ pátápátá nínú fífún akẹ́kọ̀ọ́ lóúnjẹ. Wọ́n ti kíṣìnì, ìyá mi padà sílé, ó wá pa búkà sí ẹ̀bá ọ̀nà. Níbẹ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́.

Àwọn tó jẹ oúnjẹ owó kékeré yẹn ni wọ́n di mínísítà, tí wọ́n di ọ̀jọ̀gbọ́n, tí wọ́n di aṣòfin. Ẹnikẹ́ni ò pè wọ́n ní ọ̀lẹ torí pé ìjọba bọ́ wọn. Kí ló dé tó fi wá jẹ́ pé ọmọ ìsinsìnyí tó bá ní ebi ń pa òun, ọ̀lẹ ni?

Ní ti dátà tí ẹni yẹn ń pariwo lé lórí, orí WhatsApp ni olùkọ́ ń fi ìwé ránṣẹ́ sí. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń forúkọ kọ́ọ̀sì sílẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wo èsì ìdánwò. Ọmọ tí kò ní dátà kò sí nínú kíláàsì. Òótọ́ ni pé àwọn kan wà tí wọ́n ń fi owó oúnjẹ ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, mo mọ̀ wọ́n, mo sì máa ń bá wọn wí gidigidi. Wọn ò pọ̀ tó àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé àwìn mi, tí púpọ̀ nínú wọn ń san án. Ọmọkùnrin kan jẹ mí ní gbèsè títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ lóṣù kejì ọdún 2022, èyí tó gbà wá lóṣù mẹ́jọ. Mo ti gbàgbé rẹ̀. Ìgbà tó di àgùnbánirọ̀ ló fi owó náà ránṣẹ́, ó sì fi orúkọ oúnjẹ tó jẹ síbẹ̀.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ lọ. Mi ò ní kí wọ́n dá ti ayé ìyá mi padà bó ṣe wà, mo mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ ti pọ̀ ju ti ìgbà yẹn lọ fíìfíì. Oúnjẹ ọ̀sán ni kí wọ́n mú. Abọ́ ìrẹsì àti ẹ̀wà pẹ̀lú ẹyin kan, ẹ jẹ́ ká sọ pé ₦700 ni. Kí akẹ́kọ̀ọ́ san ₦300, kí ìjọba san ₦400, kí wọ́n máa fi nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ gbà á, kí ẹnì kan má baà gbà á lẹ́ẹ̀mejì. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀ O'Meals lọ́dún 2012, wọ́n ń bọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án, àwọn obìnrin àdúgbò ló sì ń se oúnjẹ náà. Ìjọba àpapọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ lọ́dún 2016. Ọmọ tí wọ́n bọ́ nígbà náà ti ń wọ yunifásítì báyìí, ebi sì ń dúró dè é lẹ́nu géètì.

Àwa olóúnjẹ tó wà nínú ọgbà ni kí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún, kí wọ́n má gbé e fún kọngílá láti Àbújá. A mọ àwọn ọmọ, a mọ ohun tí wọ́n lè jẹ. Àjọ TETFund tó ń fi owó orí àwọn ilé-iṣẹ́ kọ́ ilé sí ọgbà gbogbo, kí wọ́n kọ́ kíṣìnì gidi kan síbẹ̀, pẹ̀lú omi ẹ̀rọ àti gáàsì tí a ó jọ máa lò. Tí àwa bíi ogún bá para pọ̀ ra ẹ̀wà lọ́wọ́ àgbẹ̀, a ò ní rà á bí ẹni tó ń ra kọ́ńgò kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n sì máa san owó wa lásìkò. Bí owó bá ti pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, kò sí olóúnjẹ tó máa rí owó ra ọjà mìíràn, ètò náà á sì kú.

Mo ti kọ ìṣirò gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan, iye ẹ̀wà, òróró, gáàsì, owó àwọn tó ń bá mi ṣiṣẹ́, títí dé èrè tí mo máa jẹ lórí abọ́ kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi lẹ́tà yìí síwájú Mínísítà ètò ẹ̀kọ́ àti àwọn aṣòfin wa. Ẹni tó bá fẹ́ wo ìwé náà nínú wọn, kó gba ọ́fíìsì yín ránṣẹ́ sí mi. Mo ń wà ní ìsọ̀ láti aago mẹ́fà àárọ̀, àyàfi ọjọ́ Àìkú.

Èmi ni,
Ìyá Ìbejì, olóúnjẹ