Ẹ máa kọ owó orí mọ́ iye ọkọ̀

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Bí ìwé ìròyìn bá gbé ọkọ̀ bọ̀gìnnì tuntun jáde, iye tí wọ́n ń tà á nìkan la máa ń rí. Owó orí ọjà afẹ́ kì í sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ń da ìṣirò olùrà rú.

Ní Ọsirélíà, orí ohun tó bá lé lórí ààlà iye tí ìjọba fi lélẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń gbà á. Ààlà ọdún ìnáwó 2025–26 jẹ́ dọ́là 80,567. Ti ọkọ̀ tí kì í mu epo púpọ̀ jẹ́ 91,387. Ká ní ọkọ̀ lásán jẹ́ 102,567, tí owó orí ọjà tí wọ́n ń pè ní GST ti wà nínú rẹ̀. Ó fi 22,000 ju ààlà lọ. Wọ́n á yọ GST kúrò nínú èlé yẹn, á ku 20,000, wọ́n á wá gba ìdá 33 nínú 100 lórí rẹ̀: 6,600 nìyẹn. Ohun tí wọ́n bá dè mọ́ ọkọ̀ kí wọ́n tó fà á lé olùrà lọ́wọ́ wọ inú ìṣirò náà, tó fi jẹ́ pé lókè ààlà, ìjókòó aláwọ tó jẹ́ 1,000 yóò fa 300 míì lẹ́yìn. Owó ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀ kò sí níbẹ̀ ní tirẹ̀.

Ní Kánádà, láti oṣù Kẹsàn-án 2022, ààlà jẹ́ dọ́là 100,000. Ìṣirò méjì ni wọ́n ń ṣe: ìdá 10 nínú 100 lórí gbogbo iye ọkọ̀, tàbí ìdá 20 lórí èlé, èyí tó bá kéré ni wọ́n ń gbà. Ọkọ̀ 120,000 yóò san 4,000. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tún gba GST lórí 124,000 lódindi, ìyẹn owó orí lórí owó orí.

Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo kà sí ìrẹ́jẹ jù. Bí iye tí ilé iṣẹ́ kọ sílẹ̀ fún ọkọ̀ tó ń lo epo bá fi pọ́n-ùn kan péré ju 40,000 lọ, àfikún owó orí ti dé nìyẹn: pọ́n-ùn 425 lọ́dún ní 2025–26, fún ọdún márùn-ún, bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kejì. Bí olùrà bá ná an títí tó fi sọ̀ kalẹ̀ sí 37,000, ẹ̀dínwó yẹn kò gbà á, torí iye tí wọ́n kọ sílẹ̀ ni ìjọba ń wò. Ẹni tó yan ọ̀dà àrà ọ̀tọ̀ tó jẹ́ 600 sára ọkọ̀ 39,500 ti fọwọ́ ara rẹ̀ fa gbèsè tó lé ní 2,000. Bó bá sì tà á lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ẹni tó rà á ló máa san ọdún tó kù.

Mo bẹ̀ yín, ẹ máa kọ ohun mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye ọkọ̀: ibi tí ààlà wà, bóyá orí èlé ni wọ́n ti ń gba owó orí tàbí orí gbogbo rẹ̀, àti bóyá ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń san án tàbí lọ́dọọdún. Kí olùrà náà sì gba ìṣirò yìí lákọsílẹ̀ lọ́wọ́ olùtà kó tó san àsansílẹ̀ kankan.

Òǹkàwé yín.