Ẹ má san owó ìparí lórí wáyà tí kò lórúkọ

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú akitiyan. Ọ̀rọ̀ tí a mú wá kan gbogbo ẹni tó ní ọ́fíìsì, ilé ìwòsàn, ilé ẹ̀kọ́ tàbí ilé ìtajà tí wáyà kọ̀ǹpútà àti wáyà iná ti pọ̀ ju ohun tí ojú lè kà lọ. Kí ẹ tó san owó tó kù fún oníṣẹ́ tó bá yín fa wáyà, ẹ ṣí ilẹ̀kùn ráàkì, ìyẹn àpótí onírin tí wáyà kọ̀ǹpútà gbogbo ilé ti ń pàdé, ẹ di wáyà kan ṣoṣo mú, kí ẹ sì bi í pé yàrá wo ni orí rẹ̀ kejì wà. Bó bá jẹ́ pé àfi kó fà á wò kó tó lè dáhùn, iṣẹ́ náà ò tíì parí.

Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ló ti mọ bí a ṣe ń to wáyà kó dùn ún wò. Wọ́n á dì í ní ìdì-ìdì, á dán bí orí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di ṣùkú, wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀ sórí Facebook. Ó dára, a ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ìdì tó dán tí kò lórúkọ máa ń dá kún ìṣòro ni. Wáyà tó lọ́ mọ́ra jágbajàgba, ènìyàn ṣì lè fi ọwọ́ tọ̀ ọ́ dé ìdí. Bí wọ́n bá ti di 24 pọ̀, tí gbogbo wọn jẹ́ búlúù, kò sí ọwọ́ tó lè tọ̀ ọ́ mọ́.

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ní ti wáyà, ibi tó ti wá àti ibi tó ń lọ ni ká wò. Orúkọ tó dáa kì í gùn: 2-A-17, ìyẹn àjà kejì, ráàkì A, ihò 17. Nọ́ńbà kan náà ni kó wà lójú ihò patch panel (pátákó oníhò tí a so wáyà mọ́ nínú ráàkì), lára wáyà lẹ́yìn rẹ̀, lára orí kejì nínú ògiri, àti lójú sọ́kẹ́ẹ̀tì tí òṣìṣẹ́ ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì rẹ̀. Ẹ má kọ “kọ̀ǹpútà akápò” tàbí “pírìntà ọ̀gá” sára wáyà. Akápò á kó lọ sí yàrá mìíràn, pírìntà á bàjẹ́, orúkọ á di irọ́, irọ́ sì burú ju àìmọ̀ lọ lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Inú ìwé ni kí ẹ kọ ohun tí wáyà ń ṣe sí. Ìlànà TIA-606 lórí fífi àmì sí wáyà, tí wọ́n ń tẹ̀ lé ní Amẹ́ríkà, náà sọ ọ́ pé orí méjèèjì ló gbọ́dọ̀ gba àmì. Ẹ jẹ́ kí àmì náà jìn sí orí wáyà tó bíi 10 sẹ̀ǹtímítà. Bó bá sún mọ́ orí jù, ọjọ́ tí wọ́n bá gé orí náà láti fi òmíràn sí ni orúkọ á bá a lọ sínú pàǹtí.

Téèpù pépà àti bírò kì í pẹ́ nílẹ̀ wa. Lóru, bí jẹnẹrétọ̀ bá ti kú, ẹ̀rọ amúlétutù á dákẹ́, ṣùgbọ́n inverter á ṣì máa gbé súwíìṣì, ẹ̀rọ oníhò tó ń so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀ nínú ráàkì. Inú ráàkì á gbóná, gọ́ọ̀mù á yọ́, eruku á wọ ìdí rẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí ẹ ó fi bá àwọn orúkọ náà nílẹ̀ ráàkì bí ewé tó já lásìkò ọyẹ́. Àmì tó dáa jù ni èyí tó ní ojú funfun tí a ń kọ nǹkan sí àti ìrù mímọ́ gaara tí a ó wé lé ìkọ̀wé náà lórí; òógùn ọwọ́ àti eruku ò ní kàn án mọ́. Wáyà Cat6 tí a fi ń fa nẹ́tíwọ́ọ̀kì nípọn tó bíi 6 mìlímítà, nítorí náà kí ìrù náà gùn tó láti yí i po ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Fún wáyà iná, ẹ lo rọ́bà tí ń súnkì bí ooru bá kàn án, ṣùgbọ́n ẹ ti rọ́bà náà wọ wáyà kí ẹ tó de orí rẹ̀ mọ́ bírékà, torí ẹni tó bá gbàgbé á tún un tú ni. Ẹni tí owó rẹ̀ ò ká èyí, kó ra téèpù funfun tí àwọn oníṣẹ́ iná ń lò, kó wé e mọ́ wáyà, kí etí rẹ̀ méjèèjì lẹ̀ mọ́ra bí àsíá, kó fi máàkà tí kì í parẹ́ kọ nọ́ńbà sí ojú méjèèjì, kó sì fi sẹ̀lótéèpù bò ó. Kò wọ́n, ó sì ń pẹ́.

Inú yàrá iná ni ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní ọ̀rọ̀ afínjú. Nínú ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo lónìí, ẹ ó bá iná NEPA níbẹ̀, ẹ ó bá ti jẹnẹrétọ̀, ti inverter, àti ti oòrùn tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òrùlé. Ẹni tó rí i pé NEPA ti mú iná lọ, tó wá ki ẹ̀mú bọ wáyà láìmọ orúkọ rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti inverter ló dì mú. Ti oòrùn tún le jù. Ẹ lè pa gbogbo bírékà inú ilé, wáyà tó ti ara páànẹ́lì wá ò ní kú níwọ̀n ìgbà tí ojúmọ́ bá ti mọ́. Páànẹ́lì ńlá kan lè ní 40 sí 50 fólítì. Bí a bá so 8 tẹ̀léra, ó ti lé ní 300, iná DC (irú ti bátìrì) sì ni, tí iná tó máa ń ta parà níbẹ̀ kì í tètè kú bí ènìyàn bá yọ wáyà nígbà tó ṣì ń gbé ẹrù. Kí àmì wáyà iná máa sọ orísun rẹ̀ ní èdè tí gbogbo ará ilé gbọ́: “INVERTER: KÌ Í KÚ BÍ NEPA BÁ LỌ”. “OÒRÙN: KÌ Í KÚ LỌ́SÀN-ÁN”. Síbẹ̀ náà, kí tẹ́sítà kọ́kọ́ kan wáyà kí ọwọ́ tó kàn án.

Àwọn kan á ní àwọ̀ tó láti fi dá wáyà iná mọ̀. Kò tó rárá. Ẹ wo wáyà dúdú. Nínú àwọ̀ àtijọ́ tí a gbà lọ́wọ́ Bírítéènì, pupa, yẹ́lò àti búlúù ni féésì mẹ́ta (àwọn wáyà tó ń gbé iná wá), dúdú ni nútírà (wáyà tí iná ń gbà padà). Nínú àwọ̀ tuntun, búráùn, dúdú àti eérú ni féésì, búlúù ni nútírà. Bírítéènì fúnra rẹ̀ ti fi dandan lé àwọ̀ tuntun fún iṣẹ́ tuntun láti oṣù kẹrin ọdún 2006. Lọ́dọ̀ wa, méjèèjì ló wà nínú ògiri. Lára bátìrì inverter, dúdú yìí kan náà tún ni nẹ́gátíìfù. Wáyà dúdú mẹ́ta nínú yàrá kan, ìtumọ̀ mẹ́ta. Bí ilé bá ní àwọ̀ àtijọ́ nísàlẹ̀, tí wọ́n fi àwọ̀ tuntun kún un lókè, tí ọmọ iṣẹ́ kan so dúdú mọ́ dúdú, búlúù mọ́ búlúù, ó ti so nútírà mọ́ féésì nìyẹn. Bí bírékà ò bá já lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, sọ́kẹ́ẹ̀tì tó yẹ kó ní 230 fólítì lè máa gbé nǹkan bí 400, ohunkóhun tí wọ́n bá sì kì bọ̀ ọ́ á jóná. Níbi tí àtijọ́ àti tuntun bá ti pàdé, ẹ kọ L1, L2, L3 (féésì mẹ́ta) àti N (nútírà) sára wáyà kọ̀ọ̀kan lápá méjèèjì, kí ẹ sì lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ojú bọ́ọ̀dù pé àwọ̀ oríṣi méjì ló wà nínú ilé yìí.

Ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í sábà pa ènìyàn, iṣẹ́ ló ń pa. Ẹni tó ń gbálẹ̀ rí orí wáyà kúkúrú kan, irú èyí tó ń so patch panel mọ́ súwíìṣì, tó jábọ́, ó fẹ́ ṣe dáadáa, ó tì í bọ ihò tó ṣófo. Kò mọ̀ pé orí kejì ti wà nínú súwíìṣì yẹn kan náà. Kíá, ìkéde tí ẹ̀rọ kan ṣe sí gbogbo ẹ̀rọ yòókù á bẹ̀rẹ̀ sí í yí po, á máa bí sí i, gbogbo iná súwíìṣì á máa ṣẹ́jú pọ̀ wàràwàrà, kò sì ní sí kọ̀ǹpútà tó lè gbọ́ ti èkejì. Súwíìṣì olówó ńlá máa ń ní ohun tó ń dá èyí dúró, spanning tree ni wọ́n ń pè é. Àwọn kékeré oníhò 5 tàbí 8 kì í sábà ní i. Nítorí náà, wáyà kúkúrú pẹ̀lú gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀ lórí méjèèjì. Ẹni tó ṣí ráàkì tó rí P-31 lẹ́ẹ̀mejì nínú súwíìṣì kan á fa ọ̀kan yọ, ó tán. Láìsí nọ́ńbà, wọ́n á máa yọ wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ò sì ní rántí ihò tí wọ́n ti yọ wọ́n mọ́.

Ráàkì tó ti dàrú ńkọ́? Ẹ má tíì fa nǹkan kan yọ. Ẹ ya fọ́tò iwájú, ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́, kí nọ́ńbà ihò hàn ketekete. Èèyàn méjì ni kó ṣe ìyókù, ọ̀kan nínú yàrá, ọ̀kan nídìí ráàkì, pẹ̀lú fóònù létí. Bí ẹni inú yàrá bá yọ wáyà lára kọ̀ǹpútà, iná ihò kan á kú ní súwíìṣì. Ihò rẹ̀ nìyẹn. Wáyà tí kò ní nǹkan lórí, ẹ lo ẹ̀rọ atọpinpin: apá kan á wà ní orí wáyà nínú yàrá, a ó mú apá kejì tó rí bíi bírò ńlá káàkiri ẹ̀yìn ráàkì, èyí tó bá ti ké ni. Ẹ fi àmì sí orí méjèèjì kí ẹ tó kàn òmíràn. Ọjọ́ tí kò sí iṣẹ́ ni kí ẹ tó wá tú u palẹ̀, kí ẹ sì fa àwọn òkú wáyà jáde pátápátá, kì í ṣe kí ẹ gé orí wọn kí ẹ ti ìyókù sẹ́yìn.

Níbi títò, Velcro, okùn alẹ̀mọ́ra tó ṣeé tú, ni kí ẹ lò, kì í ṣe táì ọ̀rá. Táì tí a fi ẹ̀mú fún pinpin ń tẹ àwọn okùn tín-ínrín tí wọ́n lọ́ ní méjì-méjì nínú wáyà, ìdí nìyẹn tí wáyà tó yege nígbà ìdánwò fi ń kùnà lẹ́yìn tí wọ́n bá tò ó tán. Ìdì tó ń gbé iná fún kámẹ́rà kò gbọdọ̀ ju 24 lọ, torí ooru. Ẹ má ṣe ṣẹ́ Cat6 sí kọ̀rọ̀ tó há ju 25 mìlímítà lọ. Níbi orí rẹ̀, ẹ má tú ìlọ́ inú rẹ̀ ju 13 mìlímítà lọ. Ẹ fi nǹkan bí 3 mítà sílẹ̀ nídìí ráàkì àti 30 sẹ̀ǹtímítà nínú ògiri, kí a lè rí nǹkan gé lọ́la. Láti patch panel dé sọ́kẹ́ẹ̀tì kò gbọdọ̀ kọjá 90 mítà. Wáyà kúkúrú oní 0.5, 1 àti 2 mítà á jẹ́ kí ẹ bọ́ lọ́wọ́ kíká 5 mítà jọ sí iwájú ráàkì. Ẹ má jẹ́ kí wáyà iná àti ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì jọ sùn nínú tránkìn kan, ìyẹn ọ̀nà rọ́bà tí wáyà ń gba inú rẹ̀ lára ògiri. Bí wọ́n bá máa pàdé, kí wọ́n dábùú ara wọn. Kí ẹ tó ra páálí wáyà, ẹ fi abẹ ha okùn inú rẹ̀ kan. Bí ó bá funfun nínú, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò ni; ó ń kán níbi orí bí a bá ń tò ó, ó sì ń gbóná ju bàbà lọ.

Ìwé àkọsílẹ̀ náà kò le: nọ́ńbà, ibi tó ti wá, ibi tó lọ, ohun tó ń ṣe, ọjọ́ tí wọ́n yí i padà, ẹni tó yí i. Ẹ̀dà kan nínú ọ̀rá lẹ́yìn ilẹ̀kùn ráàkì, ẹ̀dà kan lọ́wọ́ ẹni tó ni ilé iṣẹ́. Kò gbọdọ̀ jẹ́ inú fóònù oníṣẹ́ nìkan ló wà.

Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀: wáyà 24, àmì 48, ìwé kan, owó díẹ̀ á sì dúró dè wọ́n. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní àwọn ti parí, ẹ mú wáyà 5 tó bá wù yín. Kí ẹnìkan tí kò sí níbi iṣẹ́ náà rárá ka àmì ara wọn, kó sì rìn lọ síbi tí orí kejì wà láìbi ẹnikẹ́ni léèrè. Bó bá ṣìnà lórí ẹyọ kan, kí oníṣẹ́ padà sídìí ráàkì kí ẹ tó ka owó.

Àwa oníṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti iná,
Ìbàdàn.