Iná wo lẹ fẹ́ fi lo káàdì yẹn?

Ọ̀gá Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, iṣẹ́ ò ní pa yín lára. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tó ń to kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ta géèmù ni mo fẹ́ sọ. Gbogbo ibi tí mo bá ti gbọ́ ọ, ìjà Nvidia àti AMD, àwọn iléeṣẹ́ méjì tó ń ṣe káàdì tó ń gbé àwòrán géèmù jáde, ni wọ́n ń jà bí ẹni ń jà lórí Arsenal àti Chelsea, oní-Nvidia á ní ti AMD ò dáa, oní-AMD náà á ní àwọn yẹn kàn ń fowó ṣòfò ni, kò wá sẹ́ni tó ń bi ọmọ tó fẹ́ ra káàdì pé iná wo ni wàá fi lò ó.

Ohun tójú àbúrò mi rí ló ń dùn mí. Oṣù mẹ́jọ ló fi tọ́jú owó, ó lọ ra RX 580 tòkunbọ̀, káàdì AMD kan, lọ́wọ́ ẹnì kan, inú ẹ̀ dùn délé. A fi GPU-Z wò ó, áàpù ọ̀fẹ́ tó ń fi ohun tó wà nínú káàdì hàn ni, níbi tí wọ́n kọ Shaders sí, ìyẹn iye àwọn ẹ̀yà kéékèèké tó ń ṣiṣẹ́ nínú káàdì, 2048 la rí, bẹ́ẹ̀ 2304 ni RX 580 gidi máa ń ní. RX 580 2048SP ni wọ́n tà fún un, èyí tí AMD ṣe fún ọjà Ṣáínà lọ́dún 2018, tí agbára ẹ̀ ò ju ti RX 570 lọ. Ìgbà tá a tú u, òróró ti yọ́ lára àwọn páàdì tó wà lórí mẹ́mórì, ó ti lẹ̀ mọ́ erùpẹ̀, orí síkúrù ẹ̀ ti họ. Ó jọ pé wọ́n ti fi wa kíríptò, ìyẹn owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń fi káàdì ṣírò tọ̀sántòru kí wọ́n tó rí i, títí ó fi rẹ̀ ẹ́, torí àtìgbà tí Ethereum, ọ̀kan lára kíríptò, ò ti lo káàdì mọ́ ní September 2022 ni irú ẹ̀ ti kún ọjà. Ọmọ yẹn ò jẹun alẹ́ lọ́jọ́ náà.

Mo bá a dá owó mìíràn jọ, ó wá ku ká mú nínú RTX 3060 oní-mẹ́mórì 12GB ti Nvidia àti RX 6600 oní-8GB ti AMD, 2021 làwọn méjèèjì jáde. Ká sòótọ́, 3060 yẹn lágbára, pàápàá tí èèyàn bá fẹ́ kí iná àti òjìji inú géèmù rí bíi tojú ayé, ray tracing tí wọ́n ń pè yẹn, ibẹ̀ ni 6600 ti máa ń mí hẹlẹ. Ẹni tó bá sì ń fi Blender, áàpù tí wọ́n fi ń ya àwòrán 3D, ṣiṣẹ́ jẹun, kó má wulẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì, Nvidia ni kó rà. Àmọ́ bọ́ọ̀lù àti géèmù ìbọn ni àbúrò mi ń ta, monitor ẹ̀ ò ju 1080p lọ, níbẹ̀ yẹn àwọn méjèèjì ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra.

Iná ni wọ́n ti jìnnà. 170W ni 3060 ń fà, 6600 ò ju 132W lọ. Ẹ lè ní kí ni 38W, àmọ́ nílé tí inverter ti ń gbé gbogbo nǹkan, ó tó gílóòbù LED oní-9W mẹ́rin tẹ́ ẹ tàn sílẹ̀ látìgbà tọ́mọ bá jókòó ti géèmù títí tó fi dìde. Lọ́jọ́ tá a yá 3060 ọ̀rẹ́ ẹ̀ dán wò, fíríjì wà lórí inverter lọ́wọ́, géèmù ò tíì ṣí tán tí inverter ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké píì píì píì, màmá wa sáré jáde ní kíṣìn pé ta ló fẹ́ ba nǹkan òun jẹ́. 6600 ò ké. Power supply gan-an, àpótí tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà, 450W ni AMD ní kó tó fún 6600, Nvidia ní 550W fún 3060, owó nìyẹn náà.

Ẹ tún bá mi sọ fáwọn tó ń ra kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tòkunbọ̀ pé kí wọ́n kọ́kọ́ tú inú ẹ̀ wò, torí ọ̀pọ̀ wọn ni ò ní wáyà iná onẹ́nu mẹ́jọ tí káàdì ńlá ń fẹ́. GTX 1650 tó ń fa 75W, èyí tí ò nílò wáyà, ló máa bá wọn lára mu.

RX 6600 la padà rà. A ní kẹ́ni tó tà á so ó mọ́ kọ̀ǹpútà lójú wa, a ṣí GPU-Z, 1792 ló wà níbi Shaders, ó pé, ìgbà yẹn la tó ka owó fún un.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé kẹ́ ẹ ya igun kékeré sọ́tọ̀ nínú ìwé ìròyìn yín, kẹ́ ẹ máa kọ wáàtì, Shaders àtiye owó àwọn káàdì tòkunbọ̀ síbẹ̀, bẹ́ ẹ ṣe ń kọ ti gààrí àti ẹ̀wà.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín láti Ìbàdàn